Ife tí Bàbá Mẹ́kà Mì

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ilé mi lónìí tí mo gbé omi fún un, ojú mi kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi mu ún tán. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá, ṣé ẹ rò pé àlejò fẹ́ jí ife gbé ni?" Wọn kò gbé ilé Bàbá Àgbà rí. Wọn kò mọ̀ pé ife kékeré kan, tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ìdílé wa ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti pé ọwọ́ èmi gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Agbo ilé tó kún ni ilé wa ní Igbó-Ọrà nígbà náà. Yàrá mọ́kànlá ló yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn sì kọjú sí ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí bó ẹ̀gúsí. Ohùn Bàbá Àgbà tó ń pe ìrun àárọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ohùn tó máa ń há díẹ̀ láàárín kó tó tún já gaara. Ìgbálẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀gúsí á gba gbogbo àgbàlá kan. Pá, pá, pá, títí oòrùn á fi kan àtàrí, àwọn obìnrin á sì máa fi ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn pa pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tí ẹ pe "Ìyá Ìbejì!", obìnrin mẹ́rin ló máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èmi ni mo tẹ̀ lé Táyé àti Kẹ́hìndé wá sáyé, nítorí náà Ìdòwú ni mò ń jẹ́. "Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì" ni wọ́n fi ń pè mí nílé, bí àwo kan bá sì fọ́, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ká sòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi náà ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Oko wa wà lọ́nà Ìdèrè, a sì ń pè é ní Ìsàlẹ̀ Odò. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ọkùnrin ń gbìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ oko náà di iyebíye ni àwọn igi igbá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Láti ara wọn la ti ń rí irú tí àwọn obìnrin ilé wa ń sè, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń bò, tí gbogbo Igbó-Ọrà fi ń sebẹ̀. Bí igbá bá gbó, àwa ọmọdé á máa la èèpo rẹ̀, a ó máa lá ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú inú rẹ̀ títí ẹnu wa á fi dà bíi ti ẹni tó kun àtíkè síbi tí kò yẹ. Ìyá Àgbà a máa pariwo pé ká má jẹ ẹ́ tán, á sì tún fi tirẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Inú mi dùn ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, n kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni rán mi létí pé inú mi dùn.

Bàbá Àgbà, ọkọ Ìyá Àgbà, ni gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Mẹ́kà. Ẹsẹ̀ ló fi lọ Mẹ́kà, kì í ṣe bíi ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń wọ bàálù lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n á sì ti máa fi fóònù fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fi bàbá mi, Lámídì, sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nígbà tó fi máa padà dé, ó bá a lẹ́ni tó ti ń ru igi láti oko. Ó gba ilẹ̀ Hausa kọjá, ó gba Bọ̀rọ̀nú, ó ṣiṣẹ́ nínú oko òwú ní ilẹ̀ Súdáànì, kó tó sọdá Òkun Pupa. Nígbà tó ṣe Hájì tán, kò rí ọ̀nà padà sílé. Ló bá di ẹni tó ń sin ọba Lárúbáwá kan, olórí ìlú kékeré kan létí òkun, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa yan kọfí kó máa bù ú fún àwọn àlejò ọba.

Ta ló ń mu kọfí ní Igbó-Ọrà nígbà yẹn? Bàbá Àgbà nìkan ni. Ó gbin igi kọfí mẹ́ta sẹ́yìn ilé, ó sì ń yan èso rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ nínú agbada kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dín àkàrà. Omi èédú ni àwa ọmọdé ń pè é, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń pè wá. Kẹ́tùlù idẹ kan tí ẹnu rẹ̀ gùn ló fi ń bù ú, sínú àwọn ife kéékèèké tí kò ní ìdìmú, tó rù wá láti òkèèrè láìfọ́ ọ̀kan. Òfin kan wà nídìí kọfí náà tí gbogbo ilé mọ̀. Bí o bá mu tìrẹ tán tí o dá ife padà, á tún bù sí i. Bí o bá ní "ó ti tó, Bàbá," kò ní gbọ́, á tún bù sí i. Àfi bí o bá fi ìka méjì di ife náà mú, tí o mì ín fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà náà ló tó parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ọba Lárúbáwá náà nìyẹn, Bàbá Àgbà kò sì yí i padà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìmáámù.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló máa ń sọ ìtàn ọba náà. Ó ní ọba náà kì í bi àlejò léèrè ohun tó bá wá títí ọjọ́ mẹ́ta á fi pé, nítorí ẹni tó ti jẹ iyọ̀ ilé rẹ̀ kò lè ṣe é níbi mọ́. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀, aṣojú ìjọba wọn kan sì sọ̀ kalẹ̀, ó wé láwàní, ó ń sọ èdè Lárúbáwá bí ẹni ń ka ìwé. Ó kó aago ògiri, ìbọn àti agboòrùn sílíkì wá. Ìwé kan wà lápò rẹ̀ tó ní kí ọba náà má bá ọba mìíràn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi bó bá gba ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn náà sì máa gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Ọjọ́ kìíní, aṣojú náà kò mọ òfin ife. Ó mu mọ́kànlá. Bàbá Àgbà a máa fi bí ojú ọkùnrin náà ṣe ń yọ hàn wá, a ó sì rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta," á wí, "ó mi ife. Ọba dìde, ó dì mọ́ ọn." Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, Bàbá Àgbà?"

"Lẹ́yìn náà, mo wá sílé."

Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wa tó ń kọ́ni ní iléèwé ìjọ, kì í gbà á gbọ́ tán. "Bàbá Mẹ́kà, ìwé ìtàn tí mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ò dárúkọ ọba yín yìí o."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Òyìnbó ni."

"Ẹ ò rí i?" Bàbá Àgbà á dáhùn, á sì tún bu kọfí sí ife Bàbá Tíṣà, nítorí ó ti gbàgbé láti mì ín.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn tí iṣu tuntun wọlé, ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn. Ó wọ gíláàsì dúdú, kò sì bọ́ ọ nínú ilé, la bá sọ ọ́ ní Onígíláàsì. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ló rán òun, pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ro oko ńlá lọ́nà Ìdèrè, Ìsàlẹ̀ Odò ló sì wù wọ́n. Wọ́n á fa ẹ̀rọ omi wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á sì fi bàbá mi ṣe fọ́máànù. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju kí Bàbá Àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí, tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìwé. Bàbá Tíṣà bá wa kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá bọ́ gíláàsì tirẹ̀. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbí," ó wí. "Gbogbo igi orí ilẹ̀ náà ni wọ́n sì máa gé." Onígíláàsì ní òun á padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gba èsì.

Ẹ má bá bàbá mi wí. Èmi náà bá a wí nígbà èwe mi, ṣùgbọ́n àgbà ti jẹ́ kó yé mi. Omi odò la ń mu, sòbìà sì ń jà nígbà yẹn ní gbogbo ìlú wa dé Ìdèrè. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, aràn náà yọ ní kókósẹ̀ Kẹ́hìndé, oṣù méjì ló fi ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀. Bàbá mi ló ń gbé e pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn, ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ̀rọ omi ni wọ́n ní wọ́n máa fún wa," ó wí fún Ìyá Àgbà. "Ṣé igi ló máa wá wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí sàn?"

"Lámídì, igi náà ló bọ́ ọ nígbà tí bàbá ẹ ò sí nílé," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ọdún mẹ́sàn-án. Irú ni mo fi tọ́ ẹ. Bí wọ́n bá gé wọn, kí ni mo fẹ́ fi dúró?"

Kò pariwo, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí. Láti ọjọ́ náà, ìró ẹ̀gúsí dínkù nílé. Àwọn obìnrin ń bó o, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà kò sọ ibi tí ó dúró sí. Ó ń yan kọfí rẹ̀, ó ń ka tẹsùbáà, bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ jẹ́ kí àlejò dé ná."

Àlejò dé. Àwọn obìnrin ilé wa lè bínú sí ọ, ṣùgbọ́n ebi kò ní pa ọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ìbejì àkọ́kọ́ gbé láfún àti ọbẹ̀ ìlasà jáde, ìkejì gbé iyán, ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀, kò sì sí èyí tí Onígíláàsì lè kọ̀, nítorí gbogbo wọn dúró tí wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgbà gbé kẹ́tùlù idẹ rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àwo dàbínù jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó bu ife kìíní. Onígíláàsì mu ún, ó bojú jẹ́, ó dúpẹ́, ó dá ife padà. Ó bu ìkejì. Nígbà tó di ife karùn-ún, ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ó ti tó, ẹ ṣé." Bàbá Àgbà bu ìkẹfà. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kò lè gbá ife dànù lọ́wọ́ àgbàlagbà tó lè bí bàbá rẹ̀. Nígbà tó di ìkẹjọ, òógùn ti bò ó lójú, ó ti bọ́ gíláàsì dúdú náà fúnra rẹ̀, ó sì ń fi orúnkún kan lu èkejì.

Ojú rẹ̀ ni mo rí. Ojú lásán ni, ojú ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè lẹ́yìn Bàbá Àgbà, mo fi ìka méjì di ife tí kò sí mú, mo mì ín sọ́tùn-ún sósì. Ó rí mi. Ó mu ife náà tán, ó sì mì ín, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Inú ilé yí padà lójú ẹsẹ̀. "Ẹ wò ó!" bàbá mi kígbe. "Ó mọ̀ ọ́n! Ọmọ ilé ire nìyí!" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, Ìyá Àgbà pàápàá gbé ojú sókè. Bàbá Àgbà rọra sọ kẹ́tùlù kalẹ̀.

"Níbo lẹ ti kọ́ ìyẹn, ọ̀gá?"

Ọkùnrin náà wò mí fìrí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà, Bàbá, àṣà ilé wa ni. Bàbá tó bí bàbá mi náà lọ Mẹ́kà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa." Ó sì yọ ìwé náà jáde pẹ̀lú páàdì íńkì, ó ṣí i, ó gbé e síwájú Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà wo páàdì íńkì náà pẹ́. "Ẹ jẹ́ n parí ìtàn kan fún yín ná," ó wí. Gbogbo wa jókòó jẹ́ẹ́, nítorí a mọ ìtàn tó kù láìparí nílé wa.

"Òyìnbó tó mi ife yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ," ó wí. "Àánú ẹ̀ ló ṣe mí lọ́jọ́ kejì, mo bá fi hàn án lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó wá mì ín níwájú ọba, ọba bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, pé ọkàn òun ti jẹ́ Lárúbáwá tipẹ́. Ọba wò mí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mi ò sọ̀rọ̀. Ọba ní ẹni tó mọ ìwà ilé òun, ọmọ ilé òun ni, ló bá tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà lọ́jọ́ kẹrin, kò jẹ́ kí wọ́n kà á fóun parí. Kí ọdún tó yí po, ọba tí kì í bi àlejò léèrè nǹkan wá di ẹni tó ń kọ orúkọ gbogbo àlejò ẹ̀ ránṣẹ́ sí òyìnbó náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan kúrò, á kúrò. Wọ́n ní kí èmi náà kúrò." Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Ìyá Lámídì, bí mo ṣe wá sílé nìyẹn. Wọ́n lé mi ni. Ìtìjú ni ò jẹ́ n sọ."

"Bàbá Lámídì," Ìyá Àgbà wí, "kí Ọlọ́run bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó náà." Ẹ̀rín bẹ́ sí gbogbo àgbàlá, Bàbá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó fi etí agbádá nu ojú.

Ó wá ṣe ohun tí a kò rí kó ṣe rí níwájú àlejò. Ó bu kọfí fún ara rẹ̀. Ó mu ún ní ìfarabalẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó na ife náà sí Onígíláàsì, lókè páàdì íńkì náà, ó fi ìka méjì dì í mú, ó sì mì ín.

Ọkùnrin náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó pa páàdì dé, ó ká ìwé, ó sì bèèrè ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà. Bàbá Tíṣà, tó wá bá wa jókòó lọ́jọ́ náà, ló mú un lọ.

Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jí, n kò gbọ́ ẹ̀gúsí, ìró ọkọ́ ni mo gbọ́. Bàbá Àgbà, arúgbó yẹn, ti wà nínú kòtò títí dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kọfí rẹ̀, ó ń gbẹ́ kànga. Bàbá mi dúró wò ó díẹ̀, ó mi orí, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ní, "Bàbá, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ máa fọwọ́ ara yín gbẹ́ sàréè." Òun àti àwọn ọkùnrin ilé ló gbẹ́ ẹ dé omi. Ó ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́kadà ló ń fi omi rẹ̀ fọ alùpùpù báyìí. Nínú igi igbá mẹ́tàdínlógún, mọ́kànlá ló kù, mo sì ń jẹ irú wọn.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ fi parí. Bàbá Àgbà ń ṣan àwọn ife rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo lọ dúró tì í.

"Bàbá Àgbà, èmi ni mo kọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Mo rí òjìji ọwọ́ ẹ lára ògiri."

"Àánú ẹ̀ ló ṣe mí." Mo bú sẹ́kún.

"Ó ṣe èmi náà. Àánú ò burú, Ìdòwú. Ká ní ó sọ pé ọmọ yín kékeré yìí ló kọ́ mi, ǹ bá tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ rò." Ó ń yí ife kan po lọ́wọ́. "Ìwọ tiẹ̀ jẹ́wọ́. Ó gbà mí tó ogójì ọdún." Ó bá fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ pé kí n jókòó, ó sì bu kọfí sínú ife náà, ó gbé e fún mi, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé ilé wa tọ́ ọ wò. Ó korò bí àgbo. Mo mu ún tán, mo dá ife padà. Ó tún bù ú. Mo mu ún. Oòrùn ń wọ̀, ẹ̀gúsí tún ti bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá, pá, pá, pá, àwọn obìnrin sì ń sọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn. Ó bu ìkẹta. Gbogbo ara mi ló ń kọ̀ ọ́, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń mi ife náà ju ẹnikẹ́ni lọ nílé yẹn. N kò mì ín.